Kì í Ṣe Onímọ̀-Ẹ̀rọ Nìkan Ló Ń Pinnu Bí Odò Colorado Yóò Ṣe Ṣàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí wọ́n bá ti fi dáàmù sé odò kan, tí ọ̀dá sì wá mú un, ọ̀rọ̀ odò náà ti bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú: onímọ̀-ẹ̀rọ ni yóò pinnu ìgbà tí omi yóò jáde, ìpàdé ìta gbangba tí ìjọba ń pè kò sì ju àṣehàn lásán lọ. Ìtàn odò Colorado, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Onímọ̀-ẹ̀rọ lè ṣírò iye omi tó wà nínú adágún Mead, lẹ́yìn dáàmù Hoover, àti iye tí oòrùn ń fà gbẹ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí ìṣirò kò lè sọ ni ẹni tí a óò dín omi rẹ̀ kù nígbà tí kò bá kárí: àgbẹ̀ tó ń bomi rin oko ni, àbí ìlú ńlá, àbí ẹja inú odò? Ní November 1922, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ méje pín mílíọ̀nù 15 acre-feet omi lọ́dún fún apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ odò, ní ìdajì-ìdajì. Acre-foot kan ni omi tó lè bo ilẹ̀ éékà kan dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn ọdún tí òjò pọ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n odò náà. E. C. LaRue, onímọ̀ nípa omi tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, kìlọ̀ pé omi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn kò kà á sí. Wọn kò sì pe àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ 30 ni irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀ lónìí ní agbègbè odò náà. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 ló tú àṣírí ìṣirò wọn. Nígbà tí yóò fi di July 2022, omi adágún Mead kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin ohun tó lè gbà lọ.

Ariwo ará ìlú ló mú kí ìjọba fi ètò dáàmù tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Echo Park sílẹ̀ ní ọdún 1956, òun náà ló sì dá dáàmù méjì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Grand Canyon, àfonífojì ńlá tí odò náà gbà kọjá, dúró ní ọdún 1968. Ti dáàmù Glen Canyon, tó wà lápá òkè Grand Canyon, ló jọ mí lójú jù, nítorí pé dáàmù náà ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. Láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń sé omi níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tú u jáde bí àwọn oníbàárà iná mànàmáná bá ṣe ń fẹ́. Odò a kún, a sì fà láàárín ọjọ́ kan náà, iyanrìn bèbè rẹ̀ a sì máa ṣàn lọ láìsí òmíràn tó ń rọ́pò rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn dáàmù ni iyanrìn tuntun há sí. Lẹ́yìn òfin ọdún 1992 tó dáàbò bo Grand Canyon, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí ará ìlú kọ, ìpinnu tí ìjọba ṣe ní ọdún 1996 fi òdiwọ̀n sí bí omi ṣe lè lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan. Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí dáàmù náà, tó wá tẹ̀lé e, ní aṣojú àwọn ìpínlẹ̀, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀, àwọn olùdáàbòbò àyíká, àwọn atukọ̀ ìgbafẹ́ àti àwọn tó ń ra iná. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì ń pa ẹja trout, ẹja àjèjì nínú odò náà, láti gba ẹja ìbílẹ̀ là, àwọn ènìyàn Zuni, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀, takò ó pé pípa ẹ̀mí ní ibi mímọ́ àwọn kò tọ́; ìjọba sì yí ètò náà padà sí kíkó ẹja náà kúrò láàyè.

Síbẹ̀, kíkọ èrò ránṣẹ́ sí ìjọba kì í ṣe ìbò. Lẹ́tà kan náà tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ lójú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìmọ̀ràn ni ìgbìmọ̀ yẹn náà ń mú wá, mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé ló ń pinnu. Ẹni tó bá kọ̀wé pé kí wọ́n má dín omi òun kù kò tíì fún wọn ní nǹkan kan láti yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi hàn wọ́n pé ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lè mú omi adágún Powell, tó wà lẹ́yìn dáàmù Glen Canyon, lọ sílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3,490 lókè ìtẹ́jú òkun, níbi tí ẹ̀rọ iná dáàmù náà kò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́, ti bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn.