Gígé gbogbo ìdáhùn sí decimal place méjì ń ba ìṣirò kẹ́mísírì jẹ́

Ó ti mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lára pé ibi yòówù tí ìṣirò bá dé, kí wọ́n gé ìdáhùn sí decimal place méjì, ìyẹn nọ́ńbà méjì lẹ́yìn point, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n gbà pé ìyẹn ló ń mú iṣẹ́ péye. Irọ́ ni.

Mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nínú titration, ìyẹn dída ásíìdì sínú alkali díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó o, a máa ń ka burette (ọ̀pá dígí tó ní ìlà ìwọ̀n lára) sí decimal place méjì, torí pé 0.10 cm³ ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì, a sì lè fojú bu ìdajì rẹ̀, 0.05. Òfin kíka burette nìyẹn. Ìṣirò ní òfin tirẹ̀.

Ẹ wò ó. Ká ní 23.45 cm³ ásíìdì HCl tó jẹ́ 0.100 mol/dm³ (ìyẹn iye móòlù, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye kẹ́míkà, tó wà nínú dm³ kan) ló tó fún 25.0 cm³ alkali NaOH. Ẹ kọ́kọ́ sọ cm³ di dm³, ó di 0.02345. Decimal place ti di márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ásíìdì kan náà ni. Ẹni tí wọ́n fi kílò wọ̀n, tí wọ́n tún fi gíráàmù wọ̀n, kò sanra sí i. Significant figure, ìyẹn iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ láìka àwọn òdo iwájú, ni kò yí padà: mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, mẹ́rin náà ló ṣì jẹ́. Òun ló yẹ ká máa kà.

Tí a bá fi 0.100 sọ 0.02345 di púpọ̀, móòlù ásíìdì náà wá jẹ́ 0.002345. Ẹ gé e sí decimal place méjì, ó di 0.00, ásíìdì ti pòórá! Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i pé òdo kò ṣeé lò yóò kọ 0.002. Móòlù kan HCl ló ń tó fún móòlù kan NaOH, torí náà tó bá fi 0.0250, ìyẹn 25.0 cm³ NaOH ní dm³, pín in, yóò rí 0.08 mol/dm³, ìyẹn 3.2 gíráàmù NaOH nínú dm³ kan (gíráàmù 40 ni móòlù kan NaOH). Ẹni tí kò gé nǹkan kan títí dópin yóò rí 0.0938, ìyẹn 3.75 gíráàmù. Àṣìṣe náà tó nǹkan bí 15 nínú 100. Ó máa ń dùn mí, torí pé ọmọ yìí ti fara balẹ̀ ka burette dé 0.05, ìṣirò ló wá da làálàá rẹ̀ nù.

Ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìṣirò bó ṣe wà, kí ẹ fi bọ́tìnì Ans pè é padà. Ìparí nìkan ni kí ẹ ti gé e, sí significant figure mẹ́ta, nítorí pé 0.100 àti 25.0 kò ní ju mẹ́ta lọ.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù 1000 tí a fi pín cm³, pé significant figure kan péré ló ní. Kò sẹ́ni tó wọn 1000 yẹn. Àdéhùn ni, kò sì lè dín ìdáhùn kù. Lítà ló ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ nígbà kan: láti 1901, àyè tí omi kílò kan gbà ni wọ́n ń pè ní lítà, ó sì ju dm³ lọ díẹ̀, 1.000028. Ní 1964 ni àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fagi lé ìyẹn, tí lítà kan fi di dm³ kan géérégé.