Fóònù Android kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp pé ẹni tó bá tan ìkìlọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ nínú fóònù Android rẹ̀ yóò gbọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó lè kó ẹbí rẹ̀ kúrò nílùú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ USGS ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti ìmìtìtì rẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé kò sí onímọ̀ kankan tó tíì sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá rí.

Nínú ètò ìkìlọ̀ yìí tí Google bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, ẹ̀rọ tín-ín-rín tó ń mọ̀ bí fóònù bá mì ló ń fura sí ìgbì àkọ́kọ́ tí ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń rán jáde, èyí tó máa ń yára ju ìgbì tó ń wó ilé lọ. Bí ọ̀pọ̀ fóònù àdúgbò kan bá sì fura lẹ́ẹ̀kan náà, ìkìlọ̀ yóò jáde. Ilẹ̀ ti ń mì níbi kan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló máa ń kù kí ìgbì tó ń wó ilé tó dé, ẹni tó wà nítòsí orísun ìmìtìtì náà sì lè má rí ìkìlọ̀ kankan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn lè tó láti wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára kí a sì dì í mú, ó sì ṣe iyebíye gan-an, àmọ́ ẹni tó ń dúró de ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí jù.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò ní earthquake.usgs.gov. Ire ni ẹni tó fi ọ̀rọ̀ WhatsApp náà ránṣẹ́ sí yín ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí òun náà.