Ọ̀dà Kò Lè Gbé Afárá Ró

Àwọn aláṣẹ tún ti gbé ìwé iṣẹ́ àtúnṣe afárá jáde. Ọ̀dà, irin ìfarati àti ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tún tẹ́ ló kún inú rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo kò sí nípa òpó tó gbé afárá ró. A ti wí i, a ó tún un wí: òpó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ kì í mì lọ́dọ̀ wa ti gbàgbé ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, tí ilẹ̀ mì, tí wọ́n mọ̀ ọ́n lára títí dé Abẹ́òkúta. Kò tó èyí tó ba Accra jẹ́ lọ́dún 1939, ṣùgbọ́n Accra kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa.

Inú òpó àtijọ́ ni ewu wà. Àwọn òrùka irin tó di ọ̀pá irin inú rẹ̀ mú rí tín-ín-rín, wọ́n sì lè jìnnà síra tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹnu òrùka kò wọnú kọnkéré lọ, èèpo òde nìkan ló dì í mú. Bí ilẹ̀ bá mì, èèpo á bọ́, òrùka á ṣí, àwọn ọ̀pá á tẹ̀ síta bí ọrun, kọnkéré àárín á sì rún dà sílẹ̀.

Ẹ fi òòlù kan òpó lẹ́bàá omi. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ìpẹtà ti ń jẹ irin ibẹ̀. Iyọ̀ ọ̀sà kì í sùn. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ìka yóò fi gba ẹ̀yìn irin kọjá, ẹ ha ìpẹtà dànù, ẹ fi kọnkéré tuntun dí i. Ìgbà náà ni kí òpó tó wọ ẹ̀wù irin: abala méjì tí wọ́n jó pọ̀, kí wọ́n rọ omi sìmẹ́ǹtì sí àlàfo rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀wù má kan ìpìlẹ̀, kó ku bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ti ìpìlẹ̀ nígbà tí òpó bá tẹ̀. Ẹni tó wọ ẹ̀wù lé irin tó ń dípẹtà, egbò ló faṣọ bò.

Orí òpó ńkọ́? Ibi tí pẹpẹ afárá àtijọ́, èyí tí ọkọ̀ ń gùn kọjá, jókòó lé lè má ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi okùn irin so pẹpẹ mọ́ra. Okùn nìkan kò sì tó. Ní Oakland, ní California, wọ́n fi okùn irin so afárá alájà méjì tí wọ́n ń pè ní Cypress lọ́dún 1977, wọn kò fún òpó lókun. Ilẹ̀ mì lọ́dún 1989, pẹpẹ òkè já lu ti ìsàlẹ̀, ènìyàn 42 kú.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ̀ẹ̀melòó la ó wí i? Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ yìí, a fẹ́ rí iye òpó tí ẹ kàn lóòlù nínú rẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dún, àti iye owó ẹ̀wù irin. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má buwọ́ lù ú.