Ẹ Yọ Ìwé Àkọsílẹ̀ Yín Kúrò Lára Ògiri

Ó ti sú wa o. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ ní ìdájí wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́, tó jókòó tán, kí ló máa bá? Olùbánisọ̀rọ̀ tó kẹ̀yìn sí gbogbo ilé, tó ń ka síláìdì látòkè délẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà ní kó dìde. Ta ló sọ fún yín pé a ò mọ̀wé kà? Bó bá jẹ́ kíkà ni, ẹ bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí kálukú fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ra iṣu.

Ojú yára ju ẹnu lọ. Kí ẹ tó ka ìlà kejì tán, ojú wa ti dé ìsàlẹ̀, a wá jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò kún. Tí ohun tí ẹ ń sọ bá sì yàtọ̀ sí ohun tó wà lára ògiri, ó tún burú jùyẹn lọ, torí kò sẹ́ni tó lè máa ka gbólóhùn kan kó tún máa gbọ́ òmíràn; ọ̀kan á jábọ́. Ìwé tẹ́ ẹ kọ kẹ́ ẹ má baà gbàgbé ọ̀rọ̀ yín lẹ ń tàn sí wa lójú yẹn. Àyè rẹ̀ sì wà nínú PowerPoint tẹ́ ẹ fi ń ṣe síláìdì: àpótí Notes tó wà lábẹ́ síláìdì. Ẹ da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ẹ lo Presenter View, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa rí i lórí laptop yín.

Ẹ wo ti àwọn àgbẹ̀ kòkó wa. Ẹ fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá kòkó tó dáa mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá sá a tán, ẹ wá to ìlà mẹ́rìnlá sórí síláìdì kan. Kí ló dé? Ẹ la hóró kòkó mẹ́ta sí méjì ní òró, ẹ yà á ní fọ́tò, kó kún ojú síláìdì. Èyí tí wọn ò fi ewé bò rárá kí wọ́n tó sá a á rí bíi sílétì. Èyí tí kò pẹ́ tó lábẹ́ ewé á ní àwọ̀ elésè àlùkò. Èyí tó ṣe dáadáa á jẹ́ búráùn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ wọn: “Rárá”, “Ó kù díẹ̀”, “Ó ti tó”. Iye ọjọ́ tí wọ́n á fi bò ó, ìgbà tí wọ́n á yí i, ẹnu lẹ ó fi sọ ìyẹn. Ṣebí torí ẹnu yín la ṣe pè yín.

Ti ìwọ̀n lẹ́tà ló ń bí wa nínú jù. Lẹ́tà 12 nínú gbọ̀ngàn! Ọ̀rọ̀ inú síláìdì kò gbọdọ̀ kéré sí 28, kí àkọlé jẹ́ 36 tàbí 40. PowerPoint fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí o: bẹ́ ẹ ṣe ń kọ̀wé kún àpótí ló ń dín lẹ́tà kù, 28 á ti di 16 kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ lọ sí Format Shape, Text Options, Text Box, ẹ mú “Do not Autofit”. Tí ọ̀rọ̀ bá wá ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ lára síláìdì, ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ gé, kì í ṣe lẹ́tà.

Ẹ sì wọ̀n ọ́n wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Tí aṣọ funfun tí wọ́n ń tan síláìdì sí nínú gbọ̀ngàn bá fẹ̀ ní mítà 2, tí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá jìnnà sí i ní mítà 16, ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Laptop oní-inch 14 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31. Ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 2 àbọ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ rìn sẹ́yìn ní mítà 2 àbọ̀, kẹ́ ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá ń fún ojú pọ̀, bí àwọn ará ẹ̀yìn á ṣe máa fún tiwọn nìyẹn. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ìtìjú, wọ́n á gbé gbohùngbohùn: “Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ò lè rí èyí.” Ẹ mọ̀, ẹ sì gbé e wá!

Projector, ẹ̀rọ tó ń tan síláìdì sára ògiri, ò lè tan dúdú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ní. Ibi tó bá dúdú lára síláìdì, ògiri lásán ni. Tí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, síláìdì dúdú yín á di eérú. Lẹ́tà dúdú lórí funfun ló yẹ níbẹ̀. Yẹ́lò lórí funfun ńkọ́? Ọlọ́run nìkan ló ń rí ìyẹn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìjọba ìbílẹ̀ 18. Tí wọ́n bá fẹ́ fi iye tó jẹ́ ti ìkọ̀ọ̀kan hàn, wọ́n á ya òbìrípo kan, wọ́n á gé e sí ọ̀nà 18 ní àwọ̀ 18, wọ́n á tún dà á dùbúlẹ̀ ní 3D, kí ègé iwájú lè máa tóbi ju bó ṣe jẹ́ lọ. Akókó nìkan kó mẹ́rin nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ búlúù ti Àríwá Ìlà-Oòrùn yàtọ̀ sí búlúù ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn? Ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kí orúkọ ráyè, kí èyí tó pọ̀ jù wà lókè. Excel tẹ́ ẹ fi ń ya á á dorí rẹ̀ kodò. Ẹ lọ sí Format Axis, ẹ fàmì sí “Categories in reverse order”. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí nìkan ni kẹ́ ẹ kùn, kí 17 yòókù jẹ́ eérú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n font, ìyẹn irú lẹ́tà, tó wà lórí laptop yín lè má sí lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn. Àmì ohùn á di àpótí òfìfo. “Ẹ pọ́n ọkọ́ yín” á wá dà bí ẹni pé kí ìyá àgbẹ̀ pọn ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ lọ sí File, Options, Save, ẹ fàmì sí “Embed fonts in the file”, kẹ́ ẹ sì gbé PDF rẹ̀ dání lórí flash.

Fọ́tò Òkè Ìdànrè tẹ́ ẹ fà láti ẹ̀gbẹ́ títí òkè fi di pẹrẹsẹ, igun ni wọ́n ti ń fà á. Lẹ́tà tó ń fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí eṣinṣin, ẹ pa á.

Èyí tó wá mú orí gbóná jù lọ ni ti ìparí. Gbogbo ilé ń bèèrè ìbéèrè lórí iye kan, “Ẹ ṣeun” gàgàrà ló wà lára ògiri fún ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú àwòrán òdòdó, olùbánisọ̀rọ̀ sì ń tẹ bọ́tìnnì padà sẹ́yìn, síláìdì 40, 39, 38, ó ń wá ibi tí iye náà wà.