Orí Ìlà Ni Àkókò Wa Ń Lọ

Ẹ̀yin kóòṣì ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní jimnásítíìkì, ọ̀rọ̀ yìí lè ta yín lára díẹ̀. Gbogbo ìgbà la máa ń pariwo pé àkókò ò tó. Èmi ò gbà. Àkókò wà, orí ìlà tí àwọn ọmọ ń tò sí láti dúró de ara wọn la ń ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ 10 ló wà nídìí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń gùn láti rìn àti láti yí lórí rẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò lórí rẹ̀. Kó tó tún kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀. Nínú wákàtí kan gbáko, ìṣẹ́jú 6 péré ló fi ṣe nǹkan. Ìṣẹ́jú 54 tó kù, ó ń fa irun ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń ti ẹni tó wà níwájú. Àwa á wá jágbe mọ́ ọn pé kò fara balẹ̀. Kí la fẹ́ kó ṣe?

Igi yẹn gùn ní mítà 5, ó ga ní mítà 1.25, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fífẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bó ṣe ń yí lórí ẹsẹ̀ kan nílò jù. Ẹ fa ìlà méjì sílẹ̀, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín wọn, igi ti dé nìyẹn. Ọmọ kan á wà lókè lọ́dọ̀ kóòṣì, àwọn kan á máa yí lórí ìlà ilẹ̀, àwọn tó kù á fi ọwọ́ dúró, ẹsẹ̀ lókè, lára ògiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ààyè.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí kò bá iṣẹ́ gidi tan. Ọmọ ń kọ́ bó ṣe máa mú ara dúró lórí irin gbọọrọ tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú, ẹ ní kó lọ máa fò sókè-fò sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kó má bàa jókòó lásán. Dípò ìyẹn, ẹ ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kó lẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kó gbé èjìká àti ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ara tó dúró báyẹn ló máa lò lórí irin, òun náà ló máa lò nígbà tó bá fi ọwọ́ dúró. Àmọ́ o, ohunkóhun tó lè dá ọrùn ọmọ, ọ̀dọ̀ kóòṣì ló gbọ́dọ̀ wà. A kì í fi òkìtì ẹ̀yìn sí kọ̀rọ̀.

Ẹnu wa náà ń jẹ àkókò. Ọmọ tó dorí kodò kò lè rántí nǹkan márùn-ún. Ẹ sọ ẹyọ kan, “Apá tọ́!”, kó tún lọ.

Ohun tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀, kété tí ara bá ti yá. Iṣẹ́ agbára ní ìparí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi iṣẹ́ agbára pa apá ọmọ, tó wá ní kó ta òkìtì, ń pe jàǹbá ni.

Mi ò ní ká máa kán àwọn ọmọ lójú. Láti 1997, obìnrin gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 16 nínú ọdún ìdíje kó tó lè bá wọn ṣe é ní Olympics, nítorí náà, kí la ń sá lé? Dídúró lórí ìlà pàápàá ní ìwúlò tirẹ̀ tí ìdíje bá ti sún mọ́lé, torí níbẹ̀, ọmọ máa jókòó títí ara á fi tutù kí wọ́n tó pe orúkọ ẹ̀. Ó yẹ kó ti mọ bíbẹ̀ ṣe ń rí.

Àwọn òbí kan á bínú pé ọmọ àwọn ò gun igi gíga tó lónìí. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ fún wọn ní aago, kí wọ́n yan ọmọ kan, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú tó fi ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kí ọmọ yẹn má mọ̀ o, torí tó bá ti mọ̀, àṣehàn ló máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe.