Gíà Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Le: Ẹ Fi Ọ́ìlì Sílẹ̀, Ẹ Yẹ Kébù Wò

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún bá mẹkáníìkì kan ní èbúté kan l'Ékòó níbi tó ti ń ṣàlàyé fún ọlọ́kọ̀ pé gíà sterndrive rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ tó ní gíà àti propeller, le nítorí pé ọ́ìlì gíà ti gbó. Ó ní bí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì tí kò rọ̀, a jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn, kí ọ̀gá lọ wá owó tòkunbọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ kébù wò ná." Ó ní, "Àbúrò, gíà là ń sọ, ìwọ ń sọ kébù." Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ mi orí sí ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Irọ́ ni wọ́n ń mi orí sí. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni kó má jẹ̀ẹ́ kí eyín gíà àti bẹ́árìn jẹ ara wọn. Kébù, ìyẹn wáyà tó ń rìn nínú awọ, ló ń gbé ohun tí ọwọ́ dìráfà ń ṣe dé ìdí ọkọ̀. Lórí MerCruiser Alpha One, irú sterndrive kan tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tún ṣe, méjì ni kébù yìí. Èkíní ti ọwọ́ gíà wá dé orí àwo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹńjìnnì. Èkejì gba inú ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde lọ bá sterndrive, rọ́bà kan ló sì bò ó kí omi má baà kàn án. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá ya, omi iyọ̀ á wọnú kébù, wáyà inú rẹ̀ á dípẹtà, á há.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí fèsì sí lọ́wọ́ mi. Bí a bá yọ sterndrive Alpha kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, kébù kì í bá a lọ, ara ọkọ̀ ló máa ń kù sí. Mo ti gbé sterndrive kalẹ̀ sórí táyà àlòkù, ọ́ìlì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, mo pa dà wọnú ọkọ̀, mo di orí kébù mú, mo fà á. Gbagidi! Ọ́ìlì wo ló wá ń mú un le, nígbà tí ọ́ìlì wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún? Nígbà tí mo fa wáyà yẹn jáde tipátipá, ìpẹtà tẹ̀ lé e bọ̀ bí ẹ̀kọ pupa, awọ kébù sì ti wú níbi tó ti tẹ̀. Mo fi kébù tuntun sí i, mo dá sterndrive yẹn kan náà pa dà pẹ̀lú ọ́ìlì rẹ̀ àtijọ́. Ìka méjì ni mo fi ti gíà síwájú, tí mo fi fà á sí rìfáàsì.

Ẹ̀rí mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Alpha ní súwíìṣì kékeré kan lórí àwo gíà yẹn. Bí ẹ bá ń yọ gíà sí fúrì, níbi tí gíà ò ti mú, ó máa ń gé iná ẹńjìnnì fírí báyìí, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kí eyín gíà tó di ara wọn mú lè tú sílẹ̀. Tí kébù bá le, súwíìṣì yẹn ò ní tètè dá iná pa dà, ẹńjìnnì á kú. Ẹni tí ẹńjìnnì ń kú mọ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń sún mọ́ èbúté, tó ń lọ ra plọ́ọ̀gì tuntun, kébù ló ń bá a jà. Ọkọ̀ tí ẹńjìnnì rẹ̀ kú báyẹn, tí omi ń gbé e lọ, á fi orí gbá igi èbúté ni, èrò sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n á ní tọkọ̀ ilẹ̀ náà ń rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ kọ́ nìyí. Wọ́n á ní ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde funfun. Omi ló wọlé nìyẹn, ẹ wá síìlì tó ti lọ kíákíá, ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀tọ̀ ni. Lóòótọ́, ìgbà mìíràn wà tí irin tó ń yí gíà nínú sterndrive fúnra rẹ̀ máa ń há, tàbí kí sílò, ìyẹn eré ẹńjìnnì nígbà tí a ò fún un níná, ga jù. Ẹ yẹ kébù wò ná.

Ibi pẹlẹbẹ la sì ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ pa ẹńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ tú orí kébù tó ti ọwọ́ gíà wá kúrò lára àwo yẹn, sípánà kékeré àti píláyà tó o. Ẹ ti ọwọ́ gíà síwá-sẹ́yìn. Bó bá ṣì le, kébù òkè tàbí ọwọ́ gíà fúnra rẹ̀ ni. Bó bá rọ̀, kí ẹnì kan máa fọwọ́ yí propeller díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ̀yin máa ti kébù ìsàlẹ̀. Bí èyí bá le, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọ̀daràn. Ẹ má fún gírísì sí i o, kì í pẹ́ tó fi ń le pa dà.

Tí ẹ bá sì ń ra kébù tuntun, ẹ ra rọ́bà rẹ̀ mọ́ ọn. Bí rọ́bà tó ya bá ṣì wà níbẹ̀, omi kan náà á tún pa kébù tuntun, ọkọ̀ gan-an sì lè máa gba omi láti ibẹ̀ lóru níbi tí ẹ so ó mọ́.