Èsì wa sí ìyá tó kọ̀wé pé a gbowó gíà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ káàsán mà. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Nítorí àwọn tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá: ìyá kọ pé àwọn san ₦1,026,000 fún wa lórí gíà ọkọ̀ àwọn. Ọmọ wọn tó ń gbé ní Maryland wá pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti pẹ́ táwọn ti mọ̀ pé gíà irú ọkọ̀ yẹn ní àléébù, pé lọ́fẹ̀ẹ́ làwọn ń pààrọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyá ní a mọ̀, a dákẹ́, a sì gbowó. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa.

Irọ́ kọ́ ni ọmọ yín pa, mà. Ẹ̀bi mi sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹ rò pé ó wà. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ yín dé láti Ògèrè. Ẹ dúró tì wá nígbà tí a tú àwo ìsàlẹ̀ gíà, ẹ̀yin gan-an lẹ tan iná fóònù yín sí i. Nínú àwo yẹn ni mágnẹ́ẹ̀tì kéékèèké máa ń wà, iṣẹ́ wọn ni láti gbá èérí irin mú. Tí èérí bá rí bí eérú tí wọ́n pò mọ́ epo, kò sí wàhálà, gíà tó ti rìn gbọ́dọ̀ ní díẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣù funfun tí mo fi nu ti yín ń dán bíi sítóònù ara léèsì, ẹ sì bi mí léèrè pé kí lèyí. Ara bẹ́líìtì àti púlì ló ti ha kúrò. Gíà CVT, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, kò ní gíà kìíní, gíà kejì bíi ti àtijọ́. Bẹ́líìtì irin ló ń yí láàárín púlì méjì tó ń fẹ̀ tó sì ń sún mọ́ra, agbára ọ́ìlì ló sì ń mú kí púlì di bẹ́líìtì mú. Tí ọ́ìlì bá gbóná ju bó ṣe yẹ, tàbí tí agbára yẹn bá dín, bẹ́líìtì á máa yọ̀, á máa ha púlì lára. Ìyẹn ni ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n tó bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Tó bá wá dé ọ̀nà márosẹ̀ tí eré ti pọ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kí gíà má bàa jóná, ohun tó dá yín dúró ní Ògèrè nìyẹn. Tó bá ti dé ibi tí irin ti ń dán lórí tíṣù, ọ́ìlì tuntun kò lè wò ó sàn mọ́.

Ká wá sọ ti ọ̀fẹ́ tí ọmọ yín gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe irú ìwé kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń kọ nípa àléébù, agbára àwọn ìwé náà kò sì dọ́gba. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni rìkọ́ọ̀lù, ìyẹn kí ilé iṣẹ́ pe ọkọ̀ padà wá tún ṣe. Tí àléébù bá lè pa èèyàn, bíi ti búréèkì tàbí ti airbag, òfin wọn ní kí ilé iṣẹ́ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ náà kò bá tíì ju ọdún 15 lọ. Gíà tiyín kò sí nínú rìkọ́ọ̀lù kankan. Òmíràn wà tó jẹ́ àfikún wáráńtì: ilé iṣẹ́ á gbà pé nǹkan kan ń tètè bàjẹ́, á sì fi ọdún àti máìlì kún wáráńtì nǹkan náà nìkan. Èyí ni wọ́n ń sọ fún ọmọ yín. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n kí ẹ lè rí bó ṣe ń rí, Nissan ṣe irú rẹ̀ fún gíà CVT inú Altima 2013 sí 2016: oṣù 84 tàbí máìlì 84,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé yẹn gan-an ló máa ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé kẹta, àwọn mekáníìkì wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, pé bí ọkọ̀ báyìí bá ń gbọ̀n báyìí, ẹ ṣe é báyìí. Kò ṣèlérí kọ́bọ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣásì ló ń sọ ọdún ọkọ̀, E ni ti yín, 2014 nìyẹn. Máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí ó wọlé jẹ́ 118,000. Ọdún inú ìwé tiyín ti kọjá, máìlì rẹ̀ náà ti kọjá. Bí kò tilẹ̀ tíì kọjá, ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó ń ta tuntun rẹ̀ ní Nàìjíríà kọ́ ló ta tiyín.

Ẹ má rò pé wọ́ọ́rọ́wọ́ làwọn tó wà lókè òkun ń rí i gbà. Ní Australia, gíà PowerShift inú ọkọ̀ Ford ń gbọ̀n, àwọn oníbàárà ń gbé ẹjọ́ wọn wá, Ford sì ń sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ló fà á, nígbà tí òun alára ti mọ̀ pé gíà ló ní àléébù. Oṣù kẹrin ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ wọn bu mílíọ̀nù 10 dọ́là Australia lé e. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí kò sí ohun tó ń dun awakọ̀ tó kí wọ́n sọ pé òun ni kò mọ ọkọ̀ wà.

Ti ẹ́ńjìnnì Theta II ti Hyundai àti Kia, tí òun náà ní àléébù, Kim Gwang-ho tó jẹ́ ẹnjiníà ní Hyundai ló gbé ìwé tó tú àṣírí rẹ̀ lọ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ní 2020, ìjọba bu ìtanràn àti owó àtúnṣe tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 210 dọ́là lé ilé iṣẹ́ méjèèjì. Ní 2021, wọ́n fún Kim ní owó tó ju mílíọ̀nù 24 dọ́là lọ nítorí àṣírí tó tú. Àwọn tó ra ọkọ̀ náà rí wáráńtì gbà lórí ẹ́ńjìnnì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ̀ fún ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì tì láìpààrọ̀ ọ́ìlì. Èèyàn tó bá ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyí, mà. Lóṣù kejì ọdún tó kọjá, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ yẹn, ẹ fún mi ní ₦25,000 pé kí n bá yín lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wo ẹ́ńjìnnì, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo wo ṣọ́ọ̀kù àti AC, mo sì wà á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nírọ̀lẹ́ tí ooru ti rọlẹ̀. Gíà CVT tó ń kú lọ kì í pariwo nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ṣásì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níbẹ̀, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá tẹ orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún rẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀, ni, ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ lórí gíà náà ì bá jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ǹ bá ti sọ fún yín pé kí ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pààrọ̀ gíà rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn, tí kò bá sì sí, kí ẹ yọ owó gíà kúrò nínú owó ọkọ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Mo gbowó àyẹ̀wò, n kò ṣe àyẹ̀wò náà tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Pé a mọ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kí a lè jẹ yín, ìyẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Gíà tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀, ₦820,000, ọ́ìlì, ₦96,000, owó iṣẹ́, ₦110,000. Rìsíìtì ọlọ́jà Ládípọ̀ wà lọ́wọ́ yín, a kò sì fi náírà kan lé e. Owó iṣẹ́ wa àti owó àyẹ̀wò ọdún tó kọjá, ₦135,000 lápapọ̀, ti wọ àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Oṣù kan ni a kọ sílẹ̀ fún wáráńtì gíà tòkunbọ̀ tí a fi sí i tẹ́lẹ̀, a ti sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, n kò ní bá ẹnikẹ́ni yẹ ọkọ̀ wò láìka ìwé tó wà lórí irú ọkọ̀ náà kí ó tó sanwó.

Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ààbò oníbàárà ní Nàìjíríà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tó sì ṣeé lò, ọ́fíìsì FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin náà ṣẹ, ló sì ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, màá kọ ohun tí mo rí nínú gíà náà sórí ìwé, màá sì buwọ́ lù ú. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó pè, kí wọ́n sì fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ lórí ìwé. Ilé iṣẹ́ a máa ṣàánú nígbà mìíràn, kó gbé lára owó náà lẹ́yìn tí wáráńtì ti parí. N kò ní tàn yín jẹ, fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ìrètí yẹn kéré. Ṣùgbọ́n màá bá yín kọ lẹ́tà náà.

Ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ yọjú sí wa lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ pe ọmọ yín sórí fóònù kí òun náà lè rí i. Gíà tí a yọ ṣì wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ṣásì yín sí i lára, tíṣù ọjọ́ yẹn sì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.